Prínńtà fótò oníǹṣì 60, tọ́kunbọ̀: kí ni kí n fi dán an wò kí n tó sanwó?

ỌmọOnífótò · Ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ owó ńlá ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fótò ní Ṣómólú, bàbá mi ló dá a sílẹ̀ láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń fọ fótò dúdú àti funfun nínú yàrá òkùnkùn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo wà títí dòní. Ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àgbà, òkú àgbà, ohun tí à ń yà nìyẹn. Láti bí ọdún mélòó kan àwọn kọ́sítọ́mà ti ń béèrè fótò tó tóbi gan-an, kì í ṣe 20 sí 30 mọ́, wọ́n fẹ́ kí bàbá wọn dúró lára ògiri pálọ̀ bó ṣe ga gẹ́lẹ́ nígbà ayé ẹ̀. Tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ bánà flex ni mo máa ń gbé e lọ, tó bá dé tán ojú èèyàn á rí bí ẹrẹ̀, gbogbo abẹ́ gèlè á ti di dúdú kan ṣoṣo. Ó ti sú mi.

Mo wá rí prínńtà kan tó ń tẹ íǹṣì 60, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún gbáko, íńkì pigment (èyí tí àwọ̀ ẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú inú omi) ló ń lò, tọ́kunbọ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ń tà á. Ẹni náà ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó tẹ fótò ayékòótọ́ kan fún mi níbẹ̀, pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, ó ń dán yinrinyinrin. Ó wù mí, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́rú, òun á fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ fún mi fún wákàtí mẹ́ta. Kí ni kí n gbé dání? Kí ni kí n wò?

IyaFireemu · 8:41 alẹ́

Ọmọ mi, o káre tó o béèrè. Fótò ayékòótọ́ yẹn ò sọ nǹkan kan fún ẹ. Kò sẹ́ni tó mọ bí pupa ìyẹ́ ẹyẹ yẹn ṣe rí gan-an, torí náà bó ṣe wù kó jáde, ojú á gbà á. Ojú ìyá ẹ lo mọ̀. Fótò ìyá ẹ ni kó o gbé lọ.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kan fírémù, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ wò lára fótò ńlá ni ibi méjì: abẹ́ gèlè níbi tí òjìji ti bọ́ sí iwájú orí, àti léèsì funfun. Tí abẹ́ gèlè bá dúdú débi pé mi ò rí ìlà iwájú orí mọ́, iṣẹ́ yẹn ti bà jẹ́. Tí léèsì bá funfun débi pé mi ò rí ihò ẹ̀ àti òwú ẹ̀, ó ti bà jẹ́ náà. Prínńtà tó bá gbé àwọ̀ ara wa tó dúdú àti léèsì funfun jáde nínú fótò kan náà, láìpa ọ̀kan lára, ìyẹn ni kó o sanwó fún. Wá èyí tí iyùn wà lọ́rùn ẹ̀ pẹ̀lú, pupa iyùn náà máa ń ṣòro.

EnjiniaPrinnta · 9:20 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ohun tí Ìyá sọ, òótọ́ ni, àmọ́ kó tó kan fótò, ẹ̀rọ gan-an lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pe ẹni náà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé kó má tan ẹ̀rọ kó tó di pé ẹ dé. Ẹni tó ń ta prínńtà tọ́kunbọ̀ lè ti fọ hẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ẹnu tó ń fọ́n íńkì sórí pépà, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé, gbogbo nǹkan á mọ́ tónítóní lójú yín, tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì nílé yín ó ti dí. Ẹ fẹ́ rí i bó ṣe jí gan-an.

Ẹ tàn án, ẹ tẹ nozzle check lójú ẹsẹ̀. Ihò tí íńkì ń gbà jáde lára hẹ́ẹ̀dì ni nozzle, ẹ̀rọ á fa ìlà tínínrín-tínínrín fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìlà bá ti já, ihò ibẹ̀ ló ń dí yẹn. Yẹ́lò máa ń ṣòro láti rí lórí pépà funfun, ẹ jẹ́ kí ojú fóònù yín di búlúù kẹ́ ẹ sì tan ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ sí i nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, yẹ́lò á dúdú, ẹ máa rí gbogbo ìlà ẹ̀. Àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ náà, ẹ fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ní kó tẹ ojú ìwé ìròyìn ẹ̀rọ jáde, ó wà nínú menu. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí iye pépà tó ti tẹ̀, ibi tí àpò íńkì ìdọ̀tí (èyí tí íńkì tó fi ń fọ hẹ́ẹ̀dì ń dà sí) kún dé, àti ọjọ́ tó wà lára kátíríìjì íńkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í pẹ̀lú pé hẹ́ẹ̀dì yẹn ti tó ọdún mélòó, torí owó hẹ́ẹ̀dì tuntun kì í ṣe kékeré. Lápapọ̀, ti Canon àti HP, ẹni tó ni ẹ̀rọ lè fọwọ́ ara ẹ̀ pààrọ̀ hẹ́ẹ̀dì, ti Epson iṣẹ́ ẹnjiníà ni. Ẹ ro ìyẹn mọ́ owó kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà.

ỌmọOnífótò · 9:48 alẹ́

Ẹnjiníà, Ọlọ́run á bù kún yín. Tí ìlà bá já ńkọ́, mélòó ló ti pọ̀ jù?

EnjiniaPrinnta · 10:05 alẹ́

Iye kọ́ lẹ máa wò jù. Méjì mẹ́ta tó fọ́n káàkiri kì í ṣe nǹkan, ẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ tún un tẹ̀. Tí wọ́n bá padà, ó ti tán. Tí àwọn tó já nísinsìnyí bá padà àmọ́ tí òmíràn já níbòmíì, atẹ́gùn ló wà nínú ọ̀nà íńkì, ẹ jẹ́ kó sinmi fún bíi wákàtí kan. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni ibì kan náà tó já lẹ́ẹ̀mẹta tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tí ò sún. Ihò yẹn ti kú nìyẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fi ihò mìíràn bo èyí tó kú, ojú ò ní rí i lára fótò, àmọ́ bí wọ́n bá ti ń pọ̀ sí i ẹ̀rọ ò ní rí ohun tó máa fi bò ó mọ́.

BanaMushin · Ọjọ́ Ajé, 7:30 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ẹ má bínú sí mi o, èmi wà nínú iṣẹ́ flex, ẹ̀rọ mi ń tẹ mítà 3.2 ní fífẹ̀. Ẹ̀yin onífótò máa ń sọ pé ẹrẹ̀ là ń tẹ̀, àmọ́ fáìlì tẹ́ ẹ ń gbé wá ńkọ́? Ẹ máa gbé JPEG tó ti gba WhatsApp kọjá wá, ẹ á ní kí n fi tẹ ẹsẹ̀ bàtà méje. Mo sì ní ẹ̀rọ eco-solvent (oní-íńkì kẹ́míkà, kì í ṣe olómi) tó ń tẹ SAV, ìyẹn ike tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, tí fáìlì bá dáa iṣẹ́ ẹ̀ dáa, omi ò lè pa á, oòrùn ò lè tètè sọ ọ́ di funfun. Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n máa fi gbogbo owó yẹn ra ẹ̀rọ tí ò lè tẹ bánà kan?

IyaFireemu · 8:02 àárọ̀

BanaMushin, ọ̀rọ̀ fáìlì WhatsApp yẹn, mo gbà fún ẹ, ó ń dùn mí náà. Àmọ́ bánà, ojú títì là ń gbé e sí, ẹni tó ń kọjá nínú ọkọ̀ ló ń wò ó. Fótò ìyá tó wà ní pálọ̀, ọmọ ọmọ á dúró síwájú ẹ̀, á fọwọ́ kàn án, á wo ojú ẹ̀ dáadáa láti ibi tí ò tó apá kan. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Mo ti kan fírémù fún SAV tó dáa, mi ò kọ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó gbé abẹ́ gèlè fún mi bí pépà kọ́tìn, èyí tí wọ́n fi òwú ṣe, ṣe ń gbé e.

TeweLondon · 1:16 ọ̀sán

Mo kí gbogbo yín láti London. Lábù tó ń tẹ fótò fún àwọn ayàwòrán ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, prínńtà oníǹṣì 44 àti 60 la sì ń lò lójoojúmọ́. Ẹ gbà mí láyè kí n gùn díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má fi odindi fótò dán an wò, owó ni. Ẹ ge ọ̀já kan tó fẹ̀ tó 60, tó gùn tó 10 péré, ẹ tẹ́ nǹkan sínú ẹ̀ láti etí dé etí: ojú ìyá yín lápá òsì, ojú ìyá yín kan náà láàárín, kan náà lápá ọ̀tún. Torí kí ni? Hẹ́ẹ̀dì máa ń rin ìrìn tó jìn lórí ẹ̀rọ tó fẹ̀ báyìí, pépà lè má tẹ́ dọ́gba níbi gbogbo, àwọ̀ àárín lè yàtọ̀ sí ti etí. Lórí prínńtà kékeré ẹ ò lè rí i, lórí 60 ló ti máa ń jáde. Ẹ tún tẹ ìlà kan láti dúdú pátápátá dé funfun pátápátá, àwọ̀ eérú nìkan, kó nà káàkiri. Tí eérú yẹn bá ní pupa tàbí àwọ̀ ewé níbì kan, ojú ti rí i. Àwọ̀ ara kò lè gún tí eérú bá wọ́.

Ìkejì, ẹ tẹ nǹkan tó gùn tó mítà méjì, ìlà kan lásán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi tépù wọn àyè tó wà láti ìlà yẹn sí etí pépà ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ẹ máa mọ̀ bóyá pépà ń rìn tààrà.

Ọ̀rọ̀ pixel, àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fótò, wá ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà oní 24 megapixel tó ń ya 6000 × 4000 ya èèyàn ní òòró, tẹ́ ẹ fẹ́ kó fẹ̀ tó 60, 4000 yẹn á di bíi 66 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ 8256 × 5504, á di bíi 91. Ojú èèyàn tó dúró ní mítà kan ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́ tí wọ́n bá ti tó bíi 87, torí náà 66 á rọ díẹ̀ lójú ẹni tó bá sún mọ́ ọn, 91 á dúró. Ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà fẹ̀ ẹ́ sí 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí Canon tàbí HP, 360 sí Epson, ìyẹn ni iye tí wọ́n fẹ́ràn. Kò ní fi ohun tí kámẹ́rà ò rí kún un o, á kàn jẹ́ kí etí nǹkan rọ̀, kó má gé bí àkàbà.

ỌmọOnífótò · 1:50 ọ̀sán

Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Fótò ọjọ́ ìbí 80 ìyá mi ni mo máa lò, 8256 × 5504 ni, wọ́n jókòó sórí àga, gèlè aṣọ òkè, léèsì funfun, iyùn ọrùn àti ti ọwọ́. Mo ra ìdajì rólù kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, pépà kọ́tìn. Ó di ọjọ́rú.

ỌmọOnífótò · Ọjọ́rú, 9:37 alẹ́

Mo ti dé o. Ẹ jókòó, ó gùn.

Mo bá ẹ̀rọ náà ní pípa bí Ẹnjiníà ṣe ní kí n bẹ̀ ẹ́, ẹni náà ṣe dáadáa, kò fọwọ́ kàn án. Nozzle check àkọ́kọ́: ìlà méjì já nínú eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, mẹ́ta nínú mágẹ́ńtà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ìyókù pé pérépéré. Mo fi búlúù fóònù wo yẹ́lò, ó pé. A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mágẹ́ńtà padà, ìlà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù nínú eérú. Ojú ìwé ìròyìn: àpò íńkì ìdọ̀tí ti fẹ́ẹ̀ kún, kátíríìjì méjì ti kọjá ọjọ́ wọn.

Ọ̀já 60 sí 10 wá jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú ìyá mi pupa. Kì í ṣe pupa kékeré, bí ìgbà tí èèyàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná igi. Léèsì náà ti pọ́n díẹ̀. Àmọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, tòsì, tàárín, tọ̀tún, pupa kan náà ni. Ìlà eérú náà pọ́n. Nǹkan kejì: tí mo bá tẹ̀ síwájú wò ó, ìlà funfun tínínrín ló ń gba inú dúdú gèlè kọjá láti òsì sí ọ̀tún, bí ẹni fi abẹ́ fà á, àárín wọn dọ́gba. Mo wá tẹ ìlà mítà méjì, mo wọ̀n ọ́n, mìlímítà 6 ló fi wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Inú mi bàjẹ́. Ẹni tó ń tà á ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo prínńtà ṣe ń ṣe. Mi ò sanwó. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.

BanaMushin · 9:55 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ó pọ́n, ó ń fa ìlà, ó wọ́. Kí ló kù?

TeweLondon · 10:20 alẹ́

Ẹ dúró ná, ẹ má tíì fi sílẹ̀. Pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, òun gan-an ni mo ń bẹ̀rù jù, ó sì ti yege. Pupa tó kan ohun gbogbo, léèsì, eérú, ojú, kì í sábà jẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rántí dáadáa: nínú Photoshop, kí lẹ yàn níbi ìṣàkóso àwọ̀? Nínú sọ́fítíwíà prínńtà fúnra ẹ̀ ńkọ́?

ỌmọOnífótò · 10:31 alẹ́

Photoshop ni mo ní kó ṣàkóso àwọ̀, mo yan ICC profile, fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí pépà, èyí tó bá pépà náà lọ. Nínú ti prínńtà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, bó ṣe wà ni mo fi sílẹ̀.

TeweLondon · 10:44 alẹ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún àwọ̀ náà ṣe. Photoshop ti yí i padà tán kó bá pépà mu, prínńtà wá gbà á, ó rò pé kò tíì sẹ́ni tó ṣe é, òun náà tún yí i padà. Ó sábà máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ṣe é: tí Photoshop bá ń ṣe é, ẹ pa ti prínńtà pátápátá. Mo bẹ̀ yín, ẹ tún un tẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá ẹ̀rọ náà lẹ́bi.

EnjiniaPrinnta · 11:02 alẹ́

Lórí ìlà funfun: ó gba ìbú pépà kọjá, àárín wọn sì dọ́gba, ìrìn pépà ni. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí hẹ́ẹ̀dì bá lọ tó bọ̀, pépà á rìn síwájú. Tó bá rìn jù bó ṣe yẹ, àlàfo á wà, ìlà funfun. Tí ò bá rìn tó, á gun ara ẹ̀, ìlà dúdú. Irú pépà wo lẹ yàn nínú ẹ̀rọ? Mo lè búra pé oní-dídán ló ṣì wà lórí ẹ̀ láti ìgbà fótò ayékòótọ́. Pépà kọ́tìn nípọn jù ú lọ, ìrìn ẹ̀ yàtọ̀, bí afẹ́fẹ́ abẹ́ ẹ̀ ṣe ń fà á mọ́lẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹ yan ti kọ́tìn, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀rọ tún ìrìn ẹ̀ wọ̀n, ó ní ibi tó ti ń ṣe ìyẹn nínú menu. Tí oní-dídán bá wà lórí ẹ̀ lóòótọ́, dúdú tó lò á jẹ́ ti pépà dídán, ìyẹn á tún sọ abẹ́ gèlè di eérú. Kọ́tìn, dúdú tiẹ̀ ọ̀tọ̀ ni.

Wíwọ́ mìlímítà 6 yẹn, ẹ yọ rólù náà jáde, ẹ tì í dé ìdí ọ̀pá ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ rí àyè kankan láàárín etí rólù àti ike tó dì í mú. Ẹ fọwọ́ yí i kó le kẹ́ ẹ tó kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ. Tó bá ṣì wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá pè mí.

IyaFireemu · Ọjọ́bọ̀, 6:50 àárọ̀

Mo ka gbogbo ẹ̀. Ọmọ mi, lọ padà. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, má wò ó lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ẹni yẹn nìkan, gbé e jáde sínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́. Mo ti rí fótò tó dáa nínú ilé tó di àwọ̀ ewé níta. Kó o sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó o tó dá a lẹ́jọ́, dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́ ló máa jẹ́ lọ́la.

ỌmọOnífótò · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 alẹ́

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà ṣẹ, oní-dídán ló wà lórí ẹ̀. A yí i sí kọ́tìn, ó wọn ìrìn pépà fúnra ẹ̀, mo pa ìṣàkóso àwọ̀ prínńtà, mo yọ rólù mo tún un dì. Ọ̀já kejì jáde. Mo dúró tì í, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ojú ìyá mi ni. Àwọ̀ wọn gan-an, dúdú tó ní wúrà díẹ̀ nínú lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìlà iwájú orí wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ gèlè, mo ka ihò léèsì. Ìlà funfun lọ. Wíwọ́ ti di mìlímítà 1 ní mítà méjì, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Mo gbé e jáde sí ojú ọjọ́, iyùn pupa bí iyùn, kò yí padà.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo ní kó pa á, mo padà lọ láàárọ̀ òní. Nozzle check: ìlà mẹ́rin já nínú dúdú, fífọ̀ ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ padà. Àmọ́ ìlà kan yẹn nínú eérú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ibì kan náà ló ṣì wà láti ọjọ́rú. Mo gbà pé ó ti kú.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ odindi fótò, 60 sí 90, ó ti tẹ̀ ẹ́ dé ejìká, NEPA gbé iná lọ. Hẹ́ẹ̀dì dúró sí àárín pépà. Jẹnẹrétọ̀ tàn lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ̀rọ tún ara ẹ̀ tò, ó ju pépà yẹn nù. Mítà kan àti díẹ̀ pépà kọ́tìn ló lọ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà, ṣé ó ti ṣe hẹ́ẹ̀dì ní nǹkan?

EnjiniaPrinnta · 7:40 alẹ́

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ò ní ṣe é ní nǹkan. Ohun tó ń pa á ni kí iná lọ, kí hẹ́ẹ̀dì wà níta ilé ẹ̀ láìbò, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Íńkì á gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbàkígbà tí iná bá lọ lójijì, ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ tún un tàn kó lè padà wọlé, kì í ṣe kẹ́ ẹ lọ jẹun. Ẹ ra UPS tó dáa tàbí inverter tí iná ẹ̀ ń lọ geere, prínńtà íńkì kì í jẹ iná bíi ti lazer, torí kò ní ibi gbígbóná tí lazer fi ń yọ́ íńkì mọ́ pépà. Kó ṣáà gbé e parí iṣẹ́ tó wà lórí ẹ̀.

Ẹ tún múra sílẹ̀ de ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ìgbà yẹn gan-an ni hẹ́ẹ̀dì máa ń dí jù. Ẹ gbé irinṣẹ́ tó ń wọn ọ̀rinrin sínú yàrá náà, kó wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ gbé bààfù omi méjì síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa tẹ nǹkan kékeré kan lójoojúmọ́, bí kò tiẹ̀ sí iṣẹ́. Lásìkò òjò, òdìkejì ẹ̀ ni, pépà á gba ọ̀rinrin á rú sókè, hẹ́ẹ̀dì á fara gbún un. Ẹ dì í sínú ọ̀rá lálẹ́.

IyaFireemu · 8:10 alẹ́

Íńkì ńkọ́? Mo mọ àwọn ọmọ tó ra ẹ̀rọ, íńkì ló lé wọn sá.

ỌmọOnífótò · 8:33 alẹ́

Ìyá, mo wò ó. Lẹ́yìn tí iná dé mo tún odindi 60 sí 90 tẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 37 àti ààbọ̀, ẹ̀rọ ló kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ pé òun lo mílílítà 44. Ẹ wá fi ti fífọ hẹ́ẹ̀dì kún un, fífọ̀ ńlá kan lè jẹ ju fótò kan lọ. Mo ti ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú pépà: rólù oní mítà 12 á fún mi ní fótò mẹ́rin irú èyí, ìyókù á wà fún ọ̀já ìdánwò, mi ò ní gbìyànjú ìkarùn-ún. Tí mo bá rí iṣẹ́ méjì lóṣù tó tóbi báyìí, àti 24 sí 36 bíi mẹ́wàá, ó gbé ara ẹ̀. Tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, kò gbé e. Méjì yẹn ti wà lọ́wọ́ mi báyìí.

BanaMushin · 8:50 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ wá wo fótò yẹn. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà tó ń béèrè ojú ìyá wọn lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ yín ni màá máa darí wọn sí, kẹ́yin náà máa darí bánà sọ́dọ̀ mi.

ỌmọOnífótò · 9:04 alẹ́

Ẹ máa bọ̀, ilẹ̀ ò ní gbẹ mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Mo gbà.

Mo fi nozzle tó kú yẹn, àpò íńkì ìdọ̀tí àti kátíríìjì méjì tó ti kọjá ọjọ́ bá ẹni náà dúnàádúrà, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, kò lè jiyàn. Ó yọ owó sílẹ̀, ó sì gbà láti pààrọ̀ àpò náà kó tó gbé e wá. Mo ti san ìdajì, ìdajì tó kù di ìgbà tí nozzle check bá yege ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e gun òkè tán. Mo ti wọn ẹnu ọ̀nà, a máa yọ ilẹ̀kùn.

Mo gbé fótò náà lọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́. A nà án mọ́ ògiri. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá fi ìka kan ibi ọwọ́ òsì wọn nínú fótò, wọ́n ní, «Àpá tí epo gbígbóná dá sí mi lọ́wọ́ nìyí, lọ́dún tí mo bí ẹ.» Ọdún mélòó ni mo ti ń ya ìyá mi ní fótò, mi ò rí àpá yẹn rí.

IyaFireemu · 9:22 alẹ́

Má ká a o! Jẹ́ kó wà ní títẹ́, fi pépà funfun bo ojú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún fọwọ́ kàn án, kọ́tìn máa ń gba òróró ọwọ́. Ó di ọjọ́ Ajé kí n wá wọ̀n ọ́n fúnra mi kí n tó gé igi. Ṣé o fi funfun sílẹ̀ yí i ká, abi ó tẹ̀ ẹ́ dé etí?

ỌmọOnífótò · 9:25 alẹ́

Òkè àti ìsàlẹ̀ ní íǹṣì kan àbọ̀ funfun. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ dé etí, mà.

IyaFireemu · 9:31 alẹ́

Kò burú, màá fi igi tó ní ètè fífẹ̀ dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó o bá máa tẹ̀ lẹ́yìn èyí, fi 58 ṣe àwòrán, kó o fi íǹṣì kan kan sílẹ̀ fún mi ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.